Ta Ló Yí Àwo Padà?

Wọ́n ti gbé Àlájì Zakariyya lọ sí ilé ìwòsàn kí Inspẹ́kítọ̀ Ràbíátù Fàsásì tó dé ilé rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló kù nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ti gbẹ, ó sì ti dúdú. Ràbíátù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ẹ̀rọ àwo orin tó wà lórí tábìlì náà ló ń wò. Wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ sókè. Kò sí àwo lórí rẹ̀.

Ó bi Muslimat, ọmọbìnrin Àlájì, pé kí ló sọnù.

Muslimat nawọ́ sí ògiri. Ìṣó kan wà níbẹ̀ tí kò gbé nǹkan kan dání mọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi onígun mẹ́rin tí eruku kò bà ṣì hàn lára ọ̀dà. Ó ní àwo orin bàbá òun ló máa ń wà níbẹ̀, tòun ti páálí rẹ̀ pupa. Òun ti ọjà dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, òun bá bàbá òun nílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Tẹlifísọ̀n wà níbẹ̀. Fóònù Àlájì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Aago ọwọ́ tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n mú lọ.

Ràbíátù kì í lè jókòó bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Ní àgọ́ ọlọ́pàá wọn lẹ́yìn Mápó, Ẹsẹ̀-Ò-Dúró ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà, ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ àga. Ọ̀pá tí Àlájì fi ń rìn wà níbẹ̀. Muslimat ní orúnkún ọ̀tún bàbá òun ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Bí kò bá sí ọ̀pá yẹn, kì í lè ti orí àga dé ẹnu ọ̀nà.

Sájẹ́ǹtì Adéyẹ́misí, àgbà ọlọ́pàá tó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, ti ń pa ìwé rẹ̀ dé.

"Olè ni, Mà," ó ní. "Olè àwo."

"Olè wo ló máa fi fóònù sílẹ̀, Bàbá Adéyẹ́misí?"

"Olè tó mọ ohun tó ń wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ràbíátù létí ju bí sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ.

Ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún n'Ìbàdàn mọ Ẹdùn Àrá. Lọ́dún 1978, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ni wọ́n, irun orí wọn tóbi ju fìlà lọ, ṣòkòtò bóńgò wọn ń gbálẹ̀ kiri, wọ́n ń ta gìtá oníná bí ẹni ń la òkúta. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n pe orin náà. Àwọn òyìnbó onírun gígùn ló ń kọ ọ́ lókè òkun nígbà náà, tí àwo wọn ń tà bí iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìbàdàn ni àwọn wọ̀nyí fi kọ tiwọn. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, orin méje ló wà nínú rẹ̀, ó sì tà débi pé láti Èkó dé Kánò ni wọ́n ti ń jó o. Akínwùmí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni olórí wọn. Òun ló ń kọrin, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì tẹ̀ sára àwo pé ó ṣe gbogbo orin náà. Ó kú lọ́dún 1996. Ẹni tó ń lu ìlù kú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan gba òkè òkun lọ, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó wá ku Àlájì Zakariyya, tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ó gbé gìtá kọ́, ó ń fa wáyà iná kiri ilé onílé títí orúnkún fi dá a dúró.

Muslimat wá sọ ohun kan sí i. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan kọ lẹ́tà sí Àlájì láti òkè òkun. Wọ́n fẹ́ tún àwo náà tẹ̀ jáde, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tó ṣe orin kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Precious, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé náà, rí èèyàn méjì lọ́jọ́ yẹn. Ògoolúwa tó ń ta àwo àtijọ́ l'Ọ́jà'ba wọlé ní nǹkan bí aago méjìlá, ó sì fi ìbínú jáde. Ní nǹkan bí aago méjì, ó rí Mofẹ́olúwa, ọmọ olóògbé Akínwùmí, lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá ó wọlé, nítorí òun sáré lọ mú ọmọ òun nílé ìwé. Bí òun ṣe padà dé, àdúgbò dákẹ́.

Ọ̀gá àgọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní arúgbó ló yọ̀ ṣubú. Ó fún Ràbíátù lọ́jọ́ mẹ́ta láti fi wádìí rẹ̀.

*

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é, Mofẹ́olúwa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí àgọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ káàdì àti pósítà ní Bẹẹrẹ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó ṣinṣin. Ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun òun, nítorí pé bí bàbá ni Àlájì jẹ́ sí òun.

Ràbíátù bi í bóyá ó ya ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Òun fẹ́ kí Àlájì, ṣùgbọ́n bí òun ṣe dé ojú fèrèsé, òun gbọ́ orin Ẹdùn Àrá. Àlájì jókòó sórí àga, ó kẹ̀yìn sí òun, ó ń mi orí, àwo sì ń yí lórí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀.

"'Ẹyin Iná' ló ń parí lọ nígbà yẹn," ni Mofẹ́olúwa wí. "Bó ṣe parí báyìí, 'Àtẹ̀gùn Mápó' gbà á lẹ́nu ẹ̀, ìmí ò bọ́ sí àárín. Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ọ́. Mo ní kí n má da ìgbádùn bàbá rú. Mo yí padà."

"Kò rí yín?"

"Kò rí mi, Mà. Kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ara rẹ̀ yá gágá nígbà tí mo fi í sílẹ̀."

Ràbíátù kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó sì ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì jáde tán tí Ràbíátù ti dìde, tó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn ń rìn ín lára bí èèrà, kò sì mọ ibi tó wà. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ tọ́. Gbogbo rẹ̀ dán.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Sájẹ́ǹtì Adéyẹ́misí mú Ògoolúwa wá, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ògoolúwa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, eruku páálí àwo wà ní ìka rẹ̀. Kò sẹ́ pé òun lọ, kò sì sẹ́ pé inú bí òun. Ó ní gìtá Àlájì ni òun fẹ́ rà, ọdún kẹta tí òun ti ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, bàbá náà sì ní kí òun má padà wá mọ́.

"Ẹ wá mú àwo dípò gìtá," ni Ràbíátù wí.

Ògoolúwa wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Àwo Ẹdùn Àrá? Mo ní márùn-ún ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ta ló máa jí ohun tó tà tó bẹ́ẹ̀? Èyí tí wọn ò tẹ̀ ju igba lọ, tí ẹnikẹ́ni ò rà nígbà náà, òun ni wọ́n ń wá kiri báyìí. Ti Ẹdùn Àrá, kò sí àjà ilé tí ẹ gùn tí ẹ ò ní bá a."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ràbíátù ti mú báàgì rẹ̀. Ó ní kí Ògoolúwa máa lọ síwájú, kó lọ fi àwo márùn-ún náà han àwọn.

*

Ṣọ́ọ̀bù Ògoolúwa kò ju ìdajì yàrá lọ. Àwo tò láti ilẹ̀ dé òrùlé. Márùn-ún tó wí wà níbẹ̀ lóòótọ́, páálí pupa, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin lórí àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sókè Mápó. Ràbíátù gbé ọ̀kan yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Bí Ògoolúwa bá jẹ́ olè, kí ló máa fi ìkẹfà ṣe? Bí olè mìíràn bá sì wà, kí ló dé tí kò wá ra ọ̀kan níbí bí ọmọlúàbí?

Ó ní kó lù ú fún òun.

Ògoolúwa fi àwo sórí ẹ̀rọ, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Gìtá bú jáde bí ìgbà tí wọ́n ń fa páànù ya, ìlù wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ohùn Akínwùmí gun orí gbogbo rẹ̀. Ràbíátù kò mọ orin náà dunjú. Ìyá rẹ̀ ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Orin kìn-ín-ní parí, èkejì parí. Ẹ̀kẹta ni 'Ẹyin Iná.' Nígbà tí ìyẹn náà parí, oníbàárà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ná àwo lọ́wọ́ Ògoolúwa, abẹ́rẹ́ sì lọ sí àárín àwo, ó ń dún ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Wọ́n ná an títí. Ògoolúwa padà wá. Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi aṣọ nu eruku rẹ̀, ó tún gbé abẹ́rẹ́ lé e.

'Àtẹ̀gùn Mápó' bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ràbíátù dúró.

"Ṣé ibi tí orin yìí máa ń wà nìyí? Ìbẹ̀rẹ̀ ojú kejì?"

"Ibẹ̀ náà ni. Mẹ́ta lójú kìn-ín-ní, mẹ́rin lójú kejì. Bí wọ́n ṣe tẹ gbogbo wọn nìyẹn."

"Kò sí èyí tí 'Ẹyin Iná' ti parí tí 'Àtẹ̀gùn Mápó' wá gbà á láìdúró?"

Ògoolúwa rẹ́rìn-ín. "Àfi ti orí fóònù. Fóònù kò ní ojú méjì. Tàwo, èèyàn gbọ́dọ̀ dìde yí i ni."

*

Ràbíátù kò lè dúró de ọkọ̀. Ó fẹsẹ̀ gun òkè láti Ọjà'ba lọ sí Mápó, àárín ọlọ́mọlanke àti àwọn tó pàtẹ sójú ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì Adéyẹ́misí ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ̀lé e.

"Ó ní òun rí àwo tó ń yí," Ràbíátù ń wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ní Àlájì ò dìde lórí àga. Ó ní ìmí ò bọ́ sáàárín orin méjèèjì. Bàbá tí kò lè rìn láìsí ọ̀pá. Ta ló wá yí àwo padà?"

"Ó lè jẹ́ fóònù Àlájì ló ń kọrin, Mà."

"Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni fóònù Àlájì. Ẹ̀yin náà rí i lórí bẹ́ẹ̀dì."

Sájẹ́ǹtì nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wá ní ṣebí ọmọ Akínwùmí ni. Ṣé ó yẹ kí ọmọ olórin máà mọ ojú àwo bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni. Ràbíátù yà sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ bá ìyá Mofẹ́olúwa, Màmá Deborah. Ìyá àgbà náà wà nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní lọ́dún tí ọkọ òun kú, Mofẹ́olúwa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìjọ ní kí òun kó ohun ayé kúrò nílé. Òun fọ́ gbogbo àwo. Òun sun ìwé orin, lẹ́tà àti fọ́tò. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, orí fóònù ló ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìgbójú sókè.

Olè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di mímọ̀, ṣùgbọ́n ìdí olè ò tíì hàn. Àwo tí márùn-ún irú rẹ̀ wà l'Ọ́jà'ba, kí ló wà lára ìkẹfà? Ràbíátù pe Muslimat lórí fóònù, ó bi í léèrè ohun tó fi àwo bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé.

Muslimat ronú. Ó ní òun ò mọ̀, àfi bébà funfun inú páálí, èyí tí wọ́n fi ń wé àwo. Àlájì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà òkè òkun dé, ó fà á yọ, ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Òun rí i pé wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí i. Lẹ́yìn náà ló pe ẹnì kan lórí fóònù pé kó wá, ó ní ọ̀rọ̀ wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ jù.

*

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún nígbà tí wọ́n dé Bẹẹrẹ. Mofẹ́olúwa pa á. Ó gbé àga fún Ràbíátù. Ràbíátù kò jókòó.

"Orin wo ló gbẹ̀yìn lójú kìn-ín-ní àwo bàbá yín?"

"Mà?"

"Àwo ní ojú méjì. Èwo ló gbẹ̀yìn lójú àkọ́kọ́?"

Ó wo sájẹ́ǹtì, ó wo Ràbíátù. Ó dárúkọ orin kan. Kì í ṣe òun. Ó dárúkọ òmíràn.

"'Ẹyin Iná' ni," ni Ràbíátù wí. "Bó bá ti parí, àwo ti tán lójú yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ 'Àtẹ̀gùn Mápó' yóò dìde, yóò yí i padà. Ẹ ní Àlájì ò dìde. Ẹ ò gbọ́ àwo kankan lọ́jọ́ yẹn, Mofẹ́olúwa. Ẹ wọlé lọ bá a."

Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lóde. Mofẹ́olúwa jókòó sórí àga tó gbé fún àlejò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le mọ́. Ó ní Àlájì ló pe òun. Ó fi bébà yẹn han òun, ó ní kí òun kà á. Bàbá òun ló kọ ọ́ lọ́dún 1978, pé 'Àtẹ̀gùn Mápó' kì í ṣe orin òun. Orin tí gbogbo ayé fi mọ bàbá òun. Orin tí wọ́n kọ lórí sàárè rẹ̀.

"Mo ní kó fún mi. Ó ní rárá. Mo fà á, òun náà fà á. Mo já a gbà, ló bá ṣubú. Mi ò tì í, Mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Níbo ló wà?"

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fa páálí pupa náà jáde. Ràbíátù yọ bébà inú rẹ̀. Kò ya, kò rún, àfi etí kan tó ká níbi tí wọ́n ti fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì ló ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí abẹ tí wọ́n fi ń gé bébà wà lórí tábìlì.

Ó bi í pé kí ló dé tí kò dáná sun ún.

"Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta," ni Mofẹ́olúwa wí. "Ìkọ̀wé ọwọ́ bàbá mi ni. Mi ò rí ọwọ́ bàbá mi rí láyé mi."

*

Lọ́jọ́ kẹta, Àlájì lajú. Dókítà ní kí wọ́n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ràbíátù mú Mofẹ́olúwa wá láàárín òun àti sájẹ́ǹtì. Muslimat, tó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, yí ojú sí ògiri.

Àlájì wo Mofẹ́olúwa pẹ́. Ó wá sọ fún Ràbíátù, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ, pé kó fún ọmọ náà ní bébà, kó kà á sókè.

Mofẹ́olúwa gba bébà náà. Ó kà á: "Zaka, ìwọ lo ṣe 'Àtẹ̀gùn Mápó.' Àwọn tó ń tẹ àwo ní orúkọ kan ṣoṣo làwọn fẹ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi tèmi. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, fi èyí hàn án. Akínwùmí."

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí," ni Àlájì wí. "Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n wá béèrè, mo ní kí ọmọ yìí gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó dé inú ìwé." Ó sinmi. "Ọ̀kan ni tèmi, Mofẹ́. Mẹ́fà tó kù, bàbá rẹ ló ṣe wọ́n. Ìwọ ò jẹ́ kí n débẹ̀."

Mofẹ́olúwa kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù.

Àlájì ní òun dárí ìṣubú jì í, èèṣì ni. Sájẹ́ǹtì Adéyẹ́misí wo ọ̀gá rẹ̀, ó retí pé yóò pa ìwé dé. Ràbíátù dúró gan-an níbi tó wà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ìṣubú lè jẹ́ èèṣì," ó ní. "Aago méjì lẹ jáde. Aago mẹ́rin ni Muslimat dé. Wákàtí méjì. Ìyá Precious wà lódìkejì ọ̀nà, ilé kún àdúgbò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ò pe ẹnì kankan?"

Mofẹ́olúwa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó ń pe orúkọ," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo ti dé ẹ̀yìn ilé, mo ṣì ń gbọ́ ọ. 'Akínwùmí, Akínwùmí,' bẹ́ẹ̀ ló ń wí. Mo mọ̀ pé ó wà láàyè. Mo sì ń lọ."

Muslimat yí ojú kúrò lára ògiri. Àlájì ti di ojú rẹ̀. Ràbíátù gba bírò lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.